Ṣé alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ ló ń yọ́ irin tó fi ń rọ ọkọ́ fúnra ẹ̀?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá o. Àwọn tó ń yọ́ irin yàtọ̀, àwọn ló ń wa òkúta irin nínú ilẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n á fi èédú yọ́ ọ nínú iléru alámọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni alágbẹ̀dẹ á wá rà á lọ́wọ́ wọn tí á gbé e lọ sídìí ẹwìrì àti owú tiẹ̀. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy ròyìn irú abúlé bẹ́ẹ̀ nítòsí Ọ̀yọ́ lọ́dún 1904. Nígbà tí irin òyìnbó wá kún ọjà tán, ta ló tún fẹ́ máa wa ilẹ̀?

Tó o bá rí ọkọ́ tí wọ́n rọ lágbẹ̀dẹ, wo ibi tí irin àti igi ti pàdé dáadáa. Wọ́n á lu ìdí irin yẹn ká bí àpò kékeré, orí erúkọ́ á wọnú ẹ̀ ṣinṣin, kò sí ìṣó kankan ńbẹ̀, bó o ṣe ń fi kọ ebè náà ló ń le sí i. Igi ẹ̀ ńkọ́? Wọn ò tẹ̀ ẹ́ o, ẹ̀ka tó ti tẹ̀ látorí igi ni wọ́n ń wá kiri inú igbó, ìyẹn ló máa ń wù mí jù.

Àdá ní tiẹ̀, ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní àdá àtijọ́, Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, èyí tó ní àmì Crocodile wà lára wọn, torí náà má jẹ́ kí wọ́n gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹ.