Má tẹ Upload, àbúrò: ka inú bọ́ọ̀dù yẹn jáde ná

Àbúrò mi ará Ṣábẹ̀ẹ́, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. Olè gbé láptọ́ọ̀pù, kóòdù tí o kọ bá a lọ, ó wá ku Nano kan ṣoṣo, bọ́ọ̀dù Arduino kékeré tó ń darí ẹ̀rọ omi yín. O ń bi wá bóyá a lè da inú rẹ̀ kọ sínú bọ́ọ̀dù mìíràn kí tàtijọ́ tó kú, kí o sì tún un ṣe. Ó ṣeé dà kọ. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Àpótí méjì ni mo fi ń pa ẹyin adìẹ ní Kétu níbí, Uno kọ̀ọ̀kan, tí òun náà jẹ́ bọ́ọ̀dù Arduino, ló ń darí wọn. Ọmọ tó kọ ètò náà ti lọ sí Èkó, fáìlì sì ti sọnù. Nígbà tí ọ̀kan ń ṣe ségesège, mo gbé bọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ bá ọ̀gá kan ní Àjàṣẹ́ tó lẹ ìwé-ẹ̀rí mẹ́ta mọ́ ògiri. Ó ní ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣì yè. Kí n tó lanu, ó ti tẹ Upload, tó ń kọ ètò mìíràn lé èyí tó wà níbẹ̀. Iná kékeré orí bọ́ọ̀dù ń ṣẹ́jú, ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín: "Ó yè!" Ètò mi ti lọ. Ó tún gbowó iṣẹ́!

Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ́ avrdude fúnra mi, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ka inú ṣíìpù bọ́ọ̀dù, tó sì ń kọ nǹkan sí i. Wá orúkọ pọ́ọ̀tù rẹ, o mọ ìyẹn, fi í sípò COM3, kí o tẹ:

avrdude -c arduino -p m328p -P COM3 -b 115200 -U flash:r:omi.hex:i

Lẹ́tà r yẹn ni kí o tẹjú mọ́. Kíkà ni. Bí o bá ṣèèṣì fi w sípò rẹ̀, kíkọ ló di.

Èmi ka flash (ibi tí ètò ń gbé nínú ṣíìpù) àpótí kejì báyìí, mo kọ ọ́ sínú Uno tuntun fún àpótí àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ tàn. Inú mi dùn débi pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo kó ẹyin 120, tó ti lo ọjọ́ 11 nínú 21, sínú àpótí àkọ́kọ́ náà kí n lè fọ èkejì. Ní ìdájí, mo fọwọ́ kan ẹyin: ó tutù. Ojú àpótí ń kọ ooru 51.5, gílóòbù kan ò sì tàn. Mo tú wáyà, mo pààrọ̀ gílóòbù, mo bú ẹni tó ta Uno fún mi. Ọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀ rárá. Inú EEPROM ni ọmọ yẹn fi nọ́ńbà tó ń tún sẹ́ńsọ̀ ṣe sí, àyè 1 KB tó dá wà, tí kì í ṣe ara flash 32 KB tí mo kà. EEPROM tí ẹnì kankan ò tíì kọ nǹkan sí, 255 ló máa ń sọ. Ètò náà pín in sí mẹ́wàá, ó fi 25.5 kún ooru. Àpótí tó wà ní 26 ló rò pé ó ti kọjá 37.5 tí a ń wá, ló bá pa gílóòbù. Ẹyin 34 péré ló pa.

Nítorí náà, ra USBasp, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ṣíìpù tààrà, kí o so ó mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́fà tó wà lórí bọ́ọ̀dù, torí ọ̀nà wáyà USB kì í sábà ka EEPROM:

avrdude -c usbasp -p m328p -U flash:r:omi.hex:i -U eeprom:r:omi-ee.hex:i

Bí o bá ń dá a padà sínú tuntun, flash ni kó ṣáájú, EEPROM kó tẹ̀lé e, nítorí kó tó kọ flash ó máa ń nu ṣíìpù.

Má sì gbọ́ tẹni tó bá ní kí o fi -e ṣí ṣíìpù tí wọ́n ti tì. Á ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa nu gbogbo inú rẹ̀: òfìfo lo máa bá níbẹ̀. Wáyà USB ọjà mìíràn náà, iná nìkan ló ń gbé, kọ̀ǹpútà ò ní rí nǹkan kan.

Háà, Nano lo sọ! Bí ó bá jẹ́ ti àtijọ́, 57600 ni kí o fi sípò 115200 nínú àṣẹ àkọ́kọ́.

Ti àtúnṣe: fáìlì hex tí o kà jáde kì í padà di kóòdù tí o kọ. Tuntun lo máa kọ.

Ka inú bọ́ọ̀dù náà lẹ́ẹ̀mejì, kí o fi fáìlì méjèèjì wéra. Ẹ̀dà tèmi wà lórí WhatsApp ìyàwó mi.