Èsì: Tòmátì tó ń yọ òdòdó, tí ewé rẹ̀ ń pọ́n

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní tòmátì ẹ̀yìnkùlé yín ní Òṣogbo ti ń yọ òdòdó, àmọ́ ewé ń pọ́n rúsúrúsú, ẹ sì fẹ́ wọ́n oògùn. Ẹ dáwọ́ dúró ná. Ibo ni pípọ́n yẹn ti bẹ̀rẹ̀? Bó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ ló pọ́n pátápátá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ náítírójìn, èròjà tó ń mú ewé dàgbà, ló wọ́n nínú ilẹ̀: igi máa ń fà á kúrò lára ewé àgbà fún ewé tuntun. Ẹ fi ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa sí i, díẹ̀ o. Bó bá pọ̀ jù, ewé lẹ máa rí, ẹ ò ní rí èso. Bí iṣan ewé bá ṣì tutù yọ̀yọ̀ tí àárín wọn sì pọ́n, àìtó magnẹ́síọ̀mù, èròjà ilẹ̀ mìíràn, ni kẹ́ ẹ fura sí. Àmọ́ bí ewé orí bá ń ká kò, ẹ wo abẹ́ rẹ̀: eṣinṣin funfun kéékèèké ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì (kòkòrò àrùn) tó ń mú ewé ká kò kiri. Igi tòmátì tó bá ti kó o, ẹ fà á tu, kò gbóògùn. Èmi náà wọ́n oògùn sí irú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, owó ṣòfò ni. Àbí omi òjò ló ń dúró nídìí wọn? Ẹ ya fọ́tò abẹ́ ewé wá.