Kí òǹwòran náà lọ́wọ́ nínú eré

Ẹni tó béèrè ohun tó yẹ kí eré orí ìtàgé òde òní máa lépa, èsì tèmi kò gùn: kó jẹ́ eré tí òǹwòran lọ́wọ́ nínú bó ṣe ń lọ. Bí kámẹ́rà bá lè ká a tán láìsí ohun tó sọnù, sinimá lẹ ṣe. Àwòrán ńlá tó ń tàn yanran lẹ́yìn òṣèré ló sábà máa ń kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́, torí ibi tó mọ́lẹ̀ jù ni ojú máa ń sá lọ, òṣèré á wá di òjìji.

Ìjókòó ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní mítà 20 sí òṣèré kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ojú rẹ̀ mọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló kù. Ìyẹn ló ń sọ òṣèré di aláṣejù. Ẹ gba èèyàn 80 sí 100, ẹ tò wọ́n yí apá mẹ́ta ìtàgé ká ní ìlà mẹ́rin. Ẹ ò nílò gbohùngbohùn níbẹ̀. Bí ẹ bá lò ó, inú sípíkà kan náà ni gbogbo ohùn á ti máa jáde, etí ò ní mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Iná wá ń fa wàhálà o. Ọ̀nà tí Stanley McCandless, onímọ̀ iná ìtàgé ará Amẹ́ríkà, kọ sínú ìwé ní 1932, iná méjì láti iwájú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ní dígírì 45, ìtàgé tí òǹwòran wà níwájú rẹ̀ nìkan ló bá mu. Níbi tí wọ́n bá yí i ká, iná mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kó yí ibi kọ̀ọ̀kan po. Bó bá wálẹ̀ jù, ojú àwọn tó jókòó lódìkejì ló máa gún. Bó bá ga jù, ihò ojú òṣèré á ṣókùnkùn.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta rìhásà, ẹ pe àjèjì mẹ́wàá wá wòran. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn, irọ́ ni wọ́n máa pa. Ibi tí wọ́n ti ń wúkọ́, tí wọ́n ń yí ìdí padà, ni kí ẹ máa ṣọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ níbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gé ìran yẹn kù. Ní ti ẹ̀rín, òṣèré gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rín bá ń rọlẹ̀, kó má dúró dìgbà tí ẹ̀rín náà bá pa rọ́rọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ jìnnà, ẹ wo ọgbọ́n Augusto Boal, olùdarí eré orí ìtàgé ọmọ Bràsíl. Ẹ ṣe eré bí ìṣẹ́jú 15 tó parí síbi tí wọ́n ti rẹ́ ẹnì kan jẹ. Ẹ tún un ṣe, òǹwòran tó bá rí ọ̀nà mìíràn á pariwo "Ẹ dúró!", á gba ipò ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Ẹ má jẹ́ kó gba ipò aninilára, torí á kàn sọ ọ́ di èèyàn rere, ìṣòro á sì pòórá. Bẹ́nì kan bá mú owó já bọ́ láti ọ̀run, kí adarí bi àwọn yòókù bóyá ó lè ṣẹlẹ̀, kó má dá a lóhùn fúnra rẹ̀. Òṣèré tó ń ṣe aninilára níṣẹ́ tó le jù: bó bá tètè gbà torí pé àlejò ló wà níwájú rẹ̀, eré ti bàjẹ́, bó bá sì le jù, kò sẹ́ni tó máa tún jáde wá.