Ṣé Superman lè borí Ṣàngó? Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí bàbá àgbà fi dá àwọn ọ̀dọ́ lóhùn

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa nìyí: àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n fẹ́ràn ìwé kọ́míìkì ń jiyàn lórí ẹni tí yóò borí bí Superman bá pàdé Ṣàngó, tàbí bí Thor, òrìṣà àrá àwọn ará àríwá Yúróòpù tí wọ́n sọ di akọni kọ́míìkì, àti Ṣàngó, tí òun náà ni àrá, bá kojú ara wọn. Bàbá àgbà kan tí ó jókòó tì wọ́n kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Kò sóòṣà tí í dá ni í gbè lẹ́yìn orí ẹni," ó sì dákẹ́. Ẹni tí ó béèrè fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, àti bóyá ńṣe ni bàbá fi yẹ ìbéèrè náà sílẹ̀. Èrò mi ni pé bàbá dáhùn ìbéèrè náà délẹ̀, nítorí pé ìtàn ìdíje láàárín àwọn òrìṣà gan-an ni ẹsẹ Ifá tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde wá.

Inú Odù Ifá tí ń jẹ́ Ògúndá Méjì ni ẹsẹ náà wà. Ọ̀rúnmìlà ni ó bi àwọn òrìṣà pé ta ni nínú wọn ni ó lè bá ẹni tí ó ń sìn ín rin ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn dé òkun, tí kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ní òun tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá bi í pé bí ó bá rìn títí tí ó dé Kòso, ilé baba rẹ̀, tí wọ́n ro ọkà àmàlà, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n sì fún un ní orógbó àti àkùkọ adìyẹ, kí ni yóò ṣe? Ṣàngó ní bí òun bá yó tán, òun yóò padà sílé òun ni. Wọ́n ní kò tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe bi Ọya nípa Ìrá, wọ́n bi Ògún nípa Ìrè, níbi tí wọn yóò ti pa ajá fún un, wọ́n sì bi Òòṣàálá nípa Ìfọ́n, níbi tí ìgbín ti ń dúró dè é. Oníkálukú ni ó ní ibi tí yóò ti yà jẹun. Ọ̀rúnmìlà alára kò yege. Orí nìkan ni ó lè bá ẹni lọ láìpadà.

Ẹ̀rí tí Ifá mú wá ni ó wù mí jù lọ nínú ẹsẹ náà. Bí babaláwo bá kú, wọn a ní kí wọ́n kó Ifá rẹ̀ dà sí kòtò. Bí adóṣù Ṣàngó bá kú, wọn a ní kí wọ́n kó Ṣàngó rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí èèyàn ti ń kú, ta ni wọ́n gé orí rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó sin ín? Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé kò sí òrìṣà, bí ó ti wù kí ó lágbára tó, tí ó lè gbe èèyàn bí orí olúwa rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n tí bàbá ń lò yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀dọ́ náà. Nínú kọ́míìkì, ẹni tí ó bá lu ẹnìkejì bolẹ̀ ni ó lágbára jù, ẹni tí ó ń kọ ìtàn tàbí ẹni tí ó ń kà á ni ó sì ń pinnu rẹ̀. Ní ọdún 1996 tí iléeṣẹ́ Marvel àti DC kó àwọn akọni wọn jà, ìbò àwọn òǹkàwé ni wọ́n fi yanjú díẹ̀ nínú àwọn ìjà náà, ìbò yìí ni Storm ti Marvel sì fi borí Wonder Woman ti DC, ẹni tí àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì fún ní agbára. Lọ́dọ̀ tiwa, gbígbè ni a fi ń wọn òrìṣà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé, "Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi."

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò fa oríkì yọ: "Sángiri, làgiri," ẹni tí ó ń sán ògiri tí ó sì ń la ògiri, ṣé Superman lè dúró níwájú rẹ̀? Oríkì kò wà fún irú ìdíwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó yóò ki Ṣàngó bí ẹni pé kò sí òrìṣà mìíràn láyé, ọlọ́ṣun yóò ki Ọ̀ṣun bákan náà, kò sì sí ẹni tí ó parọ́ nínú wọn, nítorí pé kí orí òrìṣà náà lè wú, kí ó sì dìde ṣe ohun tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ fún, ni wọ́n ṣe ń kì í.

Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ ìjà gidi láàárín akọni àti òrìṣà, a ní in. Ìtàn kan tí wọ́n ń sọ nípa Ọ̀yọ́ ni pé nígbà tí Ṣàngó jẹ́ Aláàfin, ó ní jagunjagun méjì, Tìmì àti Gbọ̀nkáà, tí agbára wọn ń bà á lẹ́rù. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, ó sì tún rán Gbọ̀nkáà lọ mú un wá, kí ọ̀kan lè pa èkejì. Gbọ̀nkáà borí Tìmì. Wọ́n dáná sun Gbọ̀nkáà, iná kò ràn án, òun náà ni ó sì ní kí ọba fi ìlú sílẹ̀. Síbẹ̀, Ṣàngó tí ó fi ìlú sílẹ̀ fún Gbọ̀nkáà ni a ń bọ lónìí, tí àjọ UNESCO sì fi ọdún rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ kún àkójọ ogún àṣà aráyé tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní 2023. Ẹni tí ó bá ń fi ìjà nìkan wọn òrìṣà kò lè ṣàlàyé ìyẹn.

Àwọn ará àríwá Yúróòpù náà mọ nǹkan kan nípa èyí. Thor onírùngbọ̀n pupa inú ìtàn àtijọ́ wọn, tí ó yàtọ̀ sí onírun wúrà tí Marvel gbé jáde ní 1962, bá arúgbó obìnrin kan jìjàkadì, ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, nítorí pé ọjọ́ ogbó ni obìnrin náà.

Ní ti Superman, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè tí Ọ̀rúnmìlà bi Ṣàngó. Krypton, ilé baba rẹ̀, ti fọ́ túútúú, kò sí Kòso kankan fún un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oko àwọn Kent tí wọ́n tọ́ ọ dàgbà wà ní Kansas, bí ó bá sì débẹ̀ tí ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ kalẹ̀, òun náà yóò yà.