Kò Sí Oògùn Tí Ń Ṣí Ọpọlọ Ọmọdé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9, wọ́n sì ń kọ́ wọn nípa ọpọlọ àti iṣan ara ní iléèwé, ṣùgbọ́n kò yé e rárá. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Wuse sọ pé ìdá 10 nínú 100 ọpọlọ ni ènìyàn ń lò, pé omi oògùn òun yóò ṣí ìyókù. Ṣé kí n rà á fún un? – Ìyá kan ní Kubwa.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Ẹ má rà á. Bí ẹ bá sì ti rà á, ẹ má fún ọmọ mu. Ojoojúmọ́ ni àwọn òbí ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ó sì ń dùn mí pé owó oúnjẹ ọmọ ni wọ́n ń kó fún àwọn oníjìbìtì. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ kan kò tíì yé kò ṣàìsàn.

Irọ́ ni ọ̀rọ̀ ìdá 10 yẹn. Nígbà tí a bá fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ ẹni tí ara rẹ̀ le, a kì í rí apá kan tí kò níṣẹ́, kódà bí onítọ̀hún bá ń sùn. Ọpọlọ àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi kìló 1.4 lọ, ìyẹn bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara, síbẹ̀ òun nìkan ń jẹ bí ìdá 20 nínú 100 agbára tí ara ń lò bí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Ara kì í fi oúnjẹ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bọ́ ohun tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́. Ẹ tún wo ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù: ẹ̀jẹ̀ lè má dé ibi kékeré kan mọ́ ní apá òsì ọpọlọ, kí ọwọ́ ọ̀tún rọ, kí ọ̀rọ̀ sì wọ́n lẹ́nu. Bí ìdá 90 bá wà láìníṣẹ́ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ìbá ti kọjá láìsí ẹni tó mọ̀.

Ohun tó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ ní tòótọ́ lè wà nínú ilé. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò tí a ń lé sójú ọmọ. Òjé yìí kan náà ló pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ní Zamfara ní ọdún 2010, nígbà tí wọ́n ń fọ́ òkúta góòlù tí òjé wà nínú rẹ̀ nínú agboolé. Ẹ má lé tìróò fún un mọ́. Oorun náà ṣe pàtàkì: ọmọ ọdún 9 nílò wákàtí 9 sí 12 lálẹ́, mo sì mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Kubwa ń jí ọ̀pọ̀ wọn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ti ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó fi ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ di òkè rúlà sẹ̀ǹtímítà 30 mú, kí ó ya àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òdo láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ wá jọ̀wọ́ rúlà náà lójijì. Bí ó bá mú un níbi 20, bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ló gbà á. Láàárín àkókò yẹn, ojú ti rí rúlà, iṣan ojú ti gbé ìròyìn lọ sí apá ọpọlọ tó wà ní ìpàkọ́, apá iwájú ti pàṣẹ, àṣẹ náà sì ti gba inú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn dé ìka. Ẹ jẹ́ kí ó ya ọ̀nà yẹn sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, kí ó jókòó sórí tábìlì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa fì, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gbá iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, lábẹ́ orúnkún gan-an, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ lè ta fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pá ẹ̀yìn ló dáhùn, kò dúró de ọpọlọ. Bí kò bá ta, ẹ má bẹ̀rù. Kì í rọrùn láti rí lára gbogbo ènìyàn.

Ìdáhùn yìí kò rọ́pò àyẹ̀wò. Bí gìrì bá ń mú un, bí kò bá ríran tàbí gbọ́ràn dáadáa, tàbí tó ń gbàgbé ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ sí iléèwòsàn. Bí ó bá sì ti mu nínú oògùn náà, ẹ mú ìgò rẹ̀ dání lọ, ẹ má dà á nù.