Nọ́ńbà NAFDAC kò sọ pé oògùn náà ń wo àìsàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Post Office nílùú Ìlọrin láàárọ̀, àwọn tó ń polówó oògùn ìbílẹ̀ kì í jẹ́ kí n rìn. Wọ́n á dì mí lápá mú, àfi kí n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní ìgò kan náà ló ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti jẹ̀díjẹ̀dí. Mo rí nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, ojúlówó ni. Ṣé kí n kúkú rà á kí n lè sinmi? (Àlájà kan, Tanke)

Ìdáhùn: Àlájà, ẹ má rà á. Ti pé wọ́n ń dì yín mú, ẹ má dúró, ẹ má sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ wọn, ìbáà ṣe bébà lásán. Ẹni tó bá gba nǹkan ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹ ní "mi ò rà", kí ẹ máa lọ. Ẹni tó bá fa aṣọ yín, ẹ pariwo.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn ló ká mi lára. Tí irú ìgò náà bá ti wà nílé, ẹ yí i padà, kí ẹ wá lẹ́tà wẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀. Lára irú oògùn ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ lédè òyìnbó pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀, lẹ́tà L ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìtumọ̀ L yẹn ni pé wọ́n to orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Wọ́n wò ó bóyá kò ní májèlé, bóyá ibi tí wọ́n ti ṣe é mọ́. Wọn ò sọ pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹlòmíì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà ayédèrú ló tẹ̀ sára tirẹ̀.

Bàbá kan gbé irú ìgò yẹn wá bá mi nínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti pa hóró amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ní kó máa lò láràárọ̀, tì, torí wọ́n sọ fún un ní gárèèjì pé ti inú ìgò nìkan ti tó. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: 190 lókè, 110 nísàlẹ̀. Orí ò fọ́ ọ, òòyì ò kọ́ ọ. Nọ́ńbà NAFDAC yẹn ló ń nàka sí tó fi ń bá mi jiyàn, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà nígbà yẹn.

Òfin ilẹ̀ wa kò sì fàyè gba kíkiri oògùn lọ́jà, ní gárèèjì, lẹ́bàá títì tàbí nínú ọkọ̀, kódà kó ní nọ́ńbà mẹ́wàá.

Mi ò bú àgbo o. Àgbo ni ìyá mi fi tọ́ mi. Mi ò sì rí ìgò tiyín, n kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú yín ló lè sọ ohun tí ẹ máa lò. Ẹni tó bá ní kí ẹ na ìka kí òun yẹ ṣúgà yín wò lọ́fẹ̀ẹ́ lójú títì, ẹ má nà án, mo ti rí i tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kan gún èèyàn mẹ́rin.

Tí ẹ bá ti mu nínú rẹ̀, ẹ má pa oògùn dókítà tì, ẹ má sì ju ìgò náà nù. Ẹ gbé e dání lọ bá dókítà tàbí apòògùn tó bá súnmọ́ yín.