Èsì: Èédú lórí ojú irin oníná ní Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ kú ìbéèrè yín, pé ṣé ẹ́ńjìnnì tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ fa èédú rí lórí ojú irin oníná ní Lọ́ńdọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ́ńjìnnì tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ fa èédú kọjá lórí ojú irin tí àwọn ọkọ̀ oníná ń lò. Ní ẹ̀ka High Barnet ti Northern Line, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, tí ọkọ̀ oníná bẹ̀rẹ̀ sí í dé òpin rẹ̀ ní High Barnet lọ́dún 1940, ọkọ̀ ẹrù ṣì ń kó èédú lọ sí àwọn ibùdókọ̀ títí di 1962. Gbangba ni ẹ̀ka náà wà láti ibùdókọ̀ East Finchley lọ sí High Barnet, nítorí náà èéfín kò há sínú ihò abẹ́ ilẹ̀. Irin méjì tí ń gbé iná sì wà lọ́tọ̀, tí ẹ́ńjìnnì náà kò sì nílò wọn rárá. Ihò tóóró tó lọ sí àárín ìlú ni àwọn ẹ́ńjìnnì náà kì í wọ̀.